Ìtọ́jú orí fídíò fún àwọn tó ní àrùn ìgbàgbé: ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ tèmi

Iṣẹ́ mi ni kí n ran àwọn tó ní àrùn ìgbàgbé, èyí táwọn dókítà ń pè ní dementia, lọ́wọ́ kí wọ́n lè máa dá nǹkan ṣe fúnra wọn. Láti 2020 tí Kòrónà ti sé wa mọ́lé ni mo ti ń ṣe é lórí fídíò.

Bàbá kan wà tí n kò lè gbàgbé. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, wọn ò wo ojú mi rárá. Igun kan lójú kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń wò, wọ́n ń kí ẹnì kan níbẹ̀. Nígbà tó yá, inú bí wọn pé ọkùnrin yẹn ò dáhùn. Ó pẹ́ kó tó yé mi pé àwòrán ara wọn ni, wọn ò sì dá a mọ̀ mọ́. Mo ní kí Màmá, ìyàwó wọn, gbé e kúrò lójú kọ̀ǹpútà, ọkàn Bàbá sì balẹ̀. Ohun àkọ́kọ́ tí mo ń ṣe fún gbogbo ẹni tuntun nìyẹn báyìí.

Ìbéèrè kan ló ń tán Màmá lókun: “Kí ló kàn báyìí?” Àràárọ̀ ni, lemọ́lemọ́. A gbé pátákó kọ́ sára ògiri, a kọ ètò ọjọ́ sí i. Àmọ́ kí ni pátákó fẹ́ ṣe fún ẹni tí kò rántí pé ó wà níbẹ̀? Mo bi Bàbá pé, “Bí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tó kàn, ibo lẹ máa wò?” Mo sọ ìdáhùn fún wọn, wọ́n tún un sọ, wọ́n sì dìde lọ wò ó. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá 15 mo tún béèrè, lẹ́yìn náà 30, lẹ́yìn náà ìṣẹ́jú 1, 2, 4. Bí wọn ò bá rántí, n kì í ní “ẹ rò ó dáadáa.” Ojú ẹsẹ̀ ni mo máa ń sọ ìdáhùn, a ó sì padà sí iye àkókò tí wọ́n ti rántí rẹ̀ kẹ́yìn. Ẹni tó ní àrùn yìí, bó bá fi ẹnu ara rẹ̀ ṣì í, àṣìṣe yẹn gan-an ló lè mọ́ ọn lára.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, a ṣì ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ nígbà tí Bàbá dìde. Kò sẹ́ni tó bi wọ́n ní nǹkan kan. Wọ́n lọ dúró níwájú pátákó, wọ́n ka ìlà kejì sókè. Màmá bú sẹ́kún.

Ìrírí mìíràn, látọ̀dọ̀ ọmọ tó ń tọ́jú ìyá rẹ̀:

Ẹ ṣeun gan-an. Ní tiwa, èmi ni oníṣẹ́ ìtọ́jú máa ń bá sọ̀rọ̀ lórí fídíò, tí Màmá á kàn jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Lọ́jọ́ kan Màmá ní, “Ṣé mo ti kú ni?” Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi lọ́kàn. Oníṣẹ́ ìtọ́jú náà tọrọ àforíjì, ó wá bi Màmá ní ohun tí wọ́n fẹ́. Màmá ní àwọn fẹ́ máa fúnra àwọn de bọ́tìnnì aṣọ àwọn.

Ó ní kí n fi ọwọ́ mi méjèèjì sábẹ́ itan, kí n má ṣe bá wọn dè é. Iṣẹ́ tó le jù nínú gbogbo rẹ̀ nìyẹn. Bọ́tìnnì márùn-ún gbà wọ́n ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 20. Nígbà tí wọ́n de èyí tó gbẹ̀yìn, wọ́n na ọrùn aṣọ náà gún, wọ́n sì ní kí n wo àwọn.