“Èló ni jálẹ̀?” Ohun tójú wa rí nígbà tí wọ́n mú ọmọ wa nínú draft béésíbọ́ọ̀lù

Bàbá Tólú (Katy, Texas)

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ṣèlérí pé màá sọ bí ọ̀rọ̀ ọmọ mi ṣe lọ nínú draft, ìyẹn ètò tí àwọn ẹgbẹ́ béésíbọ́ọ̀lù ńlá fi ń mú ọmọ níkọ̀ọ̀kan lọ́dọọdún, ara mi ni mo ń dúró dè kó balẹ̀. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ bá ń gbá béésíbọ́ọ̀lù nílé ìwé girama, kó fa àga sún mọ́bí.

Aṣọ ni ìyá mi ń tà ní Gbági, n’Íbàdàn. Abẹ́ tábìlì rẹ̀ ni mo dàgbà sí, láàárín àǹkárá àti léèsì. Tí oníbàárà bá dé, ìyá mi á pe ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá, oníbàárà á ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta, wọ́n á jọ rẹ́rìn-ín, wọ́n á kí ara wọn kú ọmọ. Ó di ìgbà tí oníbàárà bá ti ń ṣe bí ẹni ń lọ kó tó béèrè pé, “Màmá, èló ni jálẹ̀?” Jálẹ̀ ló máa ń gbẹ̀yìn. Gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa ọjà nìyẹn nígbà tí scout àkọ́kọ́, ẹni tí ẹgbẹ́ rán wá wo ọmọ, wọlé wa ní October 2023.

Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni. Ó bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà láìsí ẹni tó sọ fún un. Ìyàwó mi gbé ìrẹsì àti dòdò fún un, ó jẹ ẹ́ tán pátá. Ó bi ọmọ mi nípa ilé ìwé, ó bi í bóyá ó ń lo gíláàsì, ó bi í ohun tó máa ń rò tí wọ́n bá gbá bọ́ọ̀lù tó jù kọjá ògiri pápá. Lẹ́yìn náà ló ṣí ìwé kékeré kan, ó kọjú sí mi, ó ní kí ni nọ́ńbà ọmọ yìí. Mo ṣe bí nọ́ńbà ẹ̀yìn aṣọ rẹ̀ ni. Mo ní 24.

Jálẹ̀ ló ń béèrè. Iye tí ọmọ náà máa gbà kó tó fi yunifásítì sílẹ̀, kó wá fọwọ́ síwèé. Ibi tí ìyá mi ń parí ọjà sí làwọn wọ̀nyí ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ìdí rẹ̀ nìyí, mi ò sì mọ̀ ọ́n nígbà yẹn. Láti 2012, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní àpò owó tirẹ̀ fún draft. Gbogbo ipò tí wọ́n ti máa mú ọmọ, láti ráwùndì (ìyípo ìmú) kìíní dé ìkẹwàá, ló ní iye tí MLB, àjọ tó ń darí béésíbọ́ọ̀lù ńlá, kọ sí i lórí. Slot ni wọ́n ń pè é. Ẹ ro gbogbo slot ẹgbẹ́ kan pọ̀, àpò rẹ̀ nìyẹn. Wọ́n lè fún ẹnì kan ju slot rẹ̀ lọ, kí wọ́n sì fún ẹlòmíì ní kékeré, àmọ́ àpò ò gbọ́dọ̀ ya. Tí wọ́n bá fi díẹ̀ kọjá, wọ́n á san ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tó lé ní owó ìtanràn. Tó bá ju ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún lọ, ipò wọn ní ráwùndì kìíní ọdún tó ń bọ̀ lọ nìyẹn, ẹgbẹ́ kankan ò sì tíì dán ìyẹn wò. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kọ́kọ́ béèrè jálẹ̀. Wọ́n ń wò ó bóyá ọmọ rẹ á wọ inú àpò.

Ẹ̀yin ará Houston á rántí 2012. Astros, ẹgbẹ́ ìlú yín, ló ní ipò kìíní, wọ́n mú Carlos Correa. Mílíọ̀nù 4.8 dọ́là ló gbà, bẹ́ẹ̀ slot ipò yẹn jẹ́ mílíọ̀nù 7.2. Lára owó tó ṣẹ́ kù ni wọ́n fi fa Lance McCullers, tó ti ń múra yunifásítì, pẹ̀lú mílíọ̀nù 2.5. Àwọn méjèèjì ló wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n gba ife 2017. Èmi náà pariwo níwájú tẹlifíṣọ̀n lọ́jọ́ yẹn. Mi ò mọ̀ pé ọgbọ́n àpò ló bí i.

Mo wá ṣe bí ọmọ Gbági. Mo pe mílíọ̀nù kan. Ọkùnrin náà kọ ọ́ sílẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín, kò ná an. Ó dúpẹ́ fún ìrẹsì, ó wọ bàtà rẹ̀, ó lọ.

Odindi oṣù mẹ́ta, kò sẹ́ni tó pè. Nígbà tó di April, mo rí i lẹ́yìn àwọ̀n pápá, ó gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn eré bọ́ọ̀lù dání. Ara mi ò gbà á mọ́. Mo sún mọ́ ọn, mo ní, “A lè gba 500,000 o.” Ó ní ó dáa, ó kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tí mo sọ fún adviser wa, ẹni tó ń gbà wá nímọ̀ràn lórí ọ̀rọ̀ owó, ó dákẹ́ lórí fóònù títí mo fi rò pé ó ti já. Ó ní ẹni tó bá já láti mílíọ̀nù kan sí ìdajì láìsí ẹni tó tì í, wọ́n á gbà pé ó ṣì máa já. Ìyàwó mi ò tiẹ̀ pariwo. Ó kàn bi mí pé ta ló rán mi ní ìdajì owó.

Draft 2024 sún mọ́ wa, Fort Worth ni wọ́n ti ṣe é, àmọ́ ilé la jókòó sí. Ọjọ́ Sunday, July 14, wọn ò pè wá, a ò sì retí rẹ̀. Lọ́jọ́ Monday, ní ráwùndì karùn-ún, fóònù dún. Kì í ṣe ọkùnrin jẹ́jẹ́ yẹn. Ẹgbẹ́ míì ni. Ó ní, “450, bẹ́ẹ̀ ni àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?” Ìyàwó mi wà lẹ́nu iṣẹ́. Mo ní kó fún mi ní ìṣẹ́jú márùn-ún kí n pe ìyá ọmọ. Ó ní òun ò ní ju ìṣẹ́jú kan lọ. Mo ń wá nọ́ńbà ìyàwó mi lọ́wọ́, nọ́ńbà tí mo mọ̀ sórí láti ogún ọdún, ni wọ́n ka orúkọ ọmọ ẹlòmíì.

Ọjọ́ Tuesday ni ẹgbẹ́ kẹta mú un, ráwùndì kẹrìnlá. Ẹ gbọ́ èyí dáadáa: láti ráwùndì kọkànlá dé ogún, 150,000 dọ́là àkọ́kọ́ tí wọ́n bá fún ọmọ kò sí nínú ìṣirò àpò. Èyí tó bá lé ló wà nínú ẹ̀. 150,000 náà ni wọ́n kọ́kọ́ pè. Yunifásítì tó fẹ́ lọ ti ṣèlérí ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún owó ilé ìwé. Béésíbọ́ọ̀lù ò dà bíi football ilẹ̀ yìí o. Nígbà yẹn, sikọ́láṣípù 11.7 ni yunifásítì ńlá kan lè pín fún gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀, wọ́n ń gé e bíi búrẹ́dì. A ní rárá.

Wọ́n ní ká ní sùúrù, ká wò ó bóyá nǹkan á ṣẹ́ kù. Wọ́n gbé wa lọ Arizona fún àyẹ̀wò ara. Gbèdéke ni August 1, aago méjì ọ̀sán níbẹ̀. Ní aago kan kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, wọ́n pè: 325,000, pẹ̀lú owó ilé ìwé tó bá fẹ́ padà lẹ́yìn bọ́ọ̀lù. 150,000 kò kan àpò, 175,000 ló ti inú àpò wá. Mo béèrè ibi tí wọ́n ti rí 175 yẹn. Wọ́n ti mú ọmọ yunifásítì ọlọ́dún kẹrin kan ní ráwùndì kẹjọ, 10,000 péré ni wọ́n fún un. Ẹ̀kọ́ rẹ̀ ti parí, kò ní ibòmíì tó máa fi halẹ̀, ó fọwọ́ sí i. Àánú ọmọ yẹn ń ṣe mí títí dòní. Owó rẹ̀ ló di owó ọmọ mi.

Tèmi fọwọ́ síwèé. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n san án, ìdajì lọ́dún yẹn, ìdajì lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Adviser mú tirẹ̀, owó-orí ìjọba àpapọ̀ mú tirẹ̀. Ẹ má sì rò pé owó iṣẹ́ á gbè é: ìpele ìsàlẹ̀ pátá, 19,800 dọ́là lọ́dún ni àdéhùn 2023 tó tún un ṣe gbé e sí.

Ìyá Fèyí (Maryland)

Bàbá Tólú, ẹ kú ewu ọmọ. Tèmi ò rí bẹ́ẹ̀ o. Tiwa ti parí ọjà, a ti dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì.

2023 ni. Ọwọ́ òsì ni ọmọ mi fi ń ju bọ́ọ̀lù. Wọ́n mú un, a fẹnu kò sí 400,000 lórí fóònù, àwọn àbúrò mi ní Abẹ́òkúta ti ń béèrè aṣọ ẹbí. A wá lọ Florida fún àyẹ̀wò. Lọ́jọ́ kejì, ẹni tó ń bá wa sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀ ò gbé fóònù mọ́, ẹlòmíì ló pè. Ó ní àwọn rí nǹkan lára iṣan ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀. 180,000 ni àwọn lè ṣe báyìí.

Nọ́ọ̀sì ni mí. Mo ní kí wọ́n fi àwòrán MRI hàn mí. Wọ́n fi hàn mí. Mi ò kì í ṣe dókítà eegun, ṣùgbọ́n mo ti gbé irú àwòrán yẹn láti yàrá kan sí òmíràn fún ọdún méjìlá. Ibi tó yẹ kó dúdú kirikiri ṣe funfun fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́ létí. Mo rí i. Mo ṣe bí ẹni pé mi ò rí i.

Ohun tó dùn mí ni pé ọ̀nà wà. Láti àdéhùn 2022, ọmọ tó bá wà lára àwọn 300 tí wọ́n ń retí jù, tó bá ṣe àyẹ̀wò kí draft tó dé, ẹgbẹ́ tó bá mú un kò lè pe iye tó kéré sí ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún slot rẹ̀. Wọ́n pè é síbẹ̀. Èmi àti adviser la ní kó má lọ, pé tí wọ́n bá rí nǹkan, kò sẹ́ni tó máa mú un mọ́.

Ní alẹ́ yẹn nílé ìtura, ọkọ mi ń ka ìtàn Brady Aiken sókè. Òun ni Astros mú ní ipò kìíní 2014. Wọ́n ti fẹnu kò sí mílíọ̀nù 6.5, àyẹ̀wò ìgbọ̀nwọ́ dà á rú, ó kọ̀, ó lọ. Oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un. Mo ní kó pa fóònù yẹn.

A kọ 180 náà. Inú ló bí wa, mi ò ní parọ́. Ọmọ mi lọ junior college, ilé ẹ̀kọ́ gíga ọlọ́dún méjì, nítorí láti ibẹ̀, ọdọọdún ni wọ́n lè mú un, kò dà bíi yunifásítì ọlọ́dún mẹ́rin tó máa dúró títí ọdún kẹta tàbí tó fi máa pé 21. Ní March tó tẹ̀ lé e, iṣan náà já, nínú eré tí ò ju èèyàn ogójì lọ tó wá wò ó. Ẹgbẹ́ yẹn ò parọ́ fún wa. Ó ṣòro fún mi láti kọ gbólóhùn yẹn.

Ó ti ń jù padà báyìí. Kò sẹ́ni tó tíì béèrè nọ́ńbà rẹ̀.

Káyọ̀dé (Atlanta)

Ẹ kú ìkàlẹ̀, ẹ̀yin àgbà. Ẹ má wo àmì orí ọ̀rọ̀ mi, màmá mi ló bá mi tò ó.

Èmi fúnra mi ni mo gbá a. Ní 2019, ráwùndì 40 ló wà nínú draft. Wọ́n ti sọ fún mi pé ní 2020 màá bọ́ sí bíi ìkẹsàn-án. Kòrónà dé, wọ́n gé e sí márùn-ún. Ẹni tí wọn ò bá mú, kò sí ẹgbẹ́ tó gbọ́dọ̀ fún un ju 20,000 dọ́là lọ.

Ọjọ́ Sunday, June 14, ni wọ́n ṣílẹ̀kùn pé kí wọ́n máa pè wá. Ẹgbẹ́ méje ló pè mí kí n tó jẹun àárọ̀. Méje! Gbogbo wọn ló ní 20,000. Láyé mi, ìgbà kan ṣoṣo nìyẹn tí mo ní ẹgbẹ́ méje tí wọ́n ń dù mí, kò sì sí nǹkan tí mo lè ná. Mo wá ń bi wọ́n ní ìbéèrè kan: ta ló máa kọ́ mi ní slider, irú jíjù bọ́ọ̀lù tó máa ń yà lójijì? Ẹni tó dárúkọ kóòṣì náà, tó sì sọ ohun tí ọwọ́ mi ń ṣe láìdáa, ni mo bá lọ.

Wọ́n dá mi sílẹ̀ ní 2022. Mo ń ta ilé báyìí. Slider mi ṣì dáa.

Ará Ṣómólú

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹgbẹ́ míì ò lè wá fowó lé e ni, bíi ti bọ́ọ̀lù tiwa?

Bàbá Tólú

Kò lè ṣeé ṣe, àbúrò. Tí ẹgbẹ́ kan bá ti ka orúkọ ọmọ, àwọn nìkan ló lè bá a sọ̀rọ̀ owó títí gbèdéke. Torí kí àwọn ẹgbẹ́ má bàa máa figa gbága lórí ọmọdé ni wọ́n ṣe dá draft sílẹ̀ ní 1965. Ọmọ tó bá wà ní Ṣómólú lọ́dọ̀ yín ò tiẹ̀ sí nínú rẹ̀. Amẹ́ríkà, Kánádà àti Puerto Rico ló wà fún. Demi Orimoloye, Èkó ni wọ́n bí i sí, Kánádà ló dàgbà sí, ìyẹn ni ẹgbẹ́ Brewers fi lè mú un ní ráwùndì kẹrin 2015. Àwọn ọmọ Dominican Republic ní ọ̀nà tiwọn, láti ọmọ ọdún 16 ni wọ́n ti lè bá ẹgbẹ́ tó bá wù wọ́n fọwọ́ síwèé.

Ìyá Ìbejì (Georgia)

Ẹ̀yin èèyàn mi, Sátidé yìí ni scout ń bọ̀ wá wo Kẹ́hìndé. Àyà mi ń já. Kí la máa sọ?

Bàbá Tólú

Ẹ se ìrẹsì. Kí ẹ̀yin àti bàbá rẹ̀ ti jọ mú iye náà ní yàrá kí àlejò tó dé, ẹnì kan ṣoṣo ni kó sì fẹnu sọ ọ́. Kí Kẹ́hìndé fúnra rẹ̀ wà níbẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ bá ń mú un.

Torí ní pápákọ̀ òfurufú Arizona, nígbà tí mo fẹ́ máa padà sílé, ọmọ mi ní kí n má bínú, òun fẹ́ sọ nǹkan kan. Ó ní òun ì bá ti gba 450 yẹn. Ẹ̀gbẹ́ mi ló jókòó sí lórí àga lọ́jọ́ náà, tí mo ń wá nọ́ńbà ìyá rẹ̀.