Àtòtà, àtòlò, àgbàtò: orúkọ wo ni ó yẹ kọ̀ǹpútà orí tábìlì?

Àbá méjì ni ó wà nílẹ̀ lórí orúkọ tí ó yẹ kí a fún oríṣi kọ̀ǹpútà orí tábìlì méjì tí àwọn ènìyàn máa ń fi wé ara wọn nígbà tí wọ́n bá fẹ́ náwó. Ẹ̀gbọ́n wa kan ní kí a máa pe èyí tí ilé-iṣẹ́ ti ṣe parí, tí a kàn gbé wálé láti ilé ìtajà, ní "kọ̀ǹpútà rírà", kí a sì máa pe èyí tí ènìyàn ra ẹ̀yà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, tí ó sì so wọ́n pọ̀ nínú yàrá rẹ̀, ní "kọ̀ǹpútà àtọwọ́dá". Àbúrò kan tí ó ń kọ́ iṣẹ́ àtúnṣe ní Lágéré, ní Ilé-Ifẹ̀ níhìn-ín, dáhùn pé "kọ̀ǹpútà kíkọ́" ni òun fara mọ́, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni òun ṣe bá a nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì ("build"). Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, mo gbà pé ẹ ti ronú sí ọ̀rọ̀ yìí kí ẹ tó gbé e kalẹ̀, ṣùgbọ́n n kò rò pé èyíkéyìí nínú àwọn orúkọ wọ̀nyí lè dúró, ìdí tí n kò sì fi rò bẹ́ẹ̀ kan àpò ẹni tí ó fẹ́ ra kọ̀ǹpútà ju bí ó ṣe kan ìwé atúmọ̀ èdè lọ.

Kí a tètè gbé "kíkọ́" kúrò lọ́nà. Òótọ́ ni pé ilé ni à ń kọ́, ṣùgbọ́n bí ìyá kan bá sọ ní Ilé-Ifẹ̀ pé "ọmọ mi ń kọ́ kọ̀ǹpútà", kò sí ẹni tí yóò rò pé ọmọ náà jókòó ti súkúrù àti wáyà. Ohun tí gbogbo ènìyàn yóò gbọ́ ni pé ó ti forúkọ sílẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń kọ́ni ní títẹ̀wé àti lílo ẹ̀rọ. "Kọ́" ti ìkọ́lé àti "kọ́" ti ẹ̀kọ́, ohùn kan náà ni wọ́n ní, ti ẹ̀kọ́ sì ti gba kọ̀ǹpútà mọ́ ti ìkọ́lé lọ́wọ́ tipẹ́tipẹ́.

"Àtọwọ́dá" ní tirẹ̀ ń ya ohun tí ènìyàn ṣe sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí Ọlọ́run dá. A ń sọ pé adágún àtọwọ́dá, a ń sọ pé òdòdó àtọwọ́dá, àwọn oníròyìn sì ti ń sọ pé ọgbọ́n àtọwọ́dá lójoojúmọ́ báyìí. Kọ̀ǹpútà wo ni kì í ṣe àtọwọ́dá? Èyí tí ẹ gbé láti ilé ìtajà kò hù lórí igi. Bí a bá gba orúkọ yìí, ẹni tí ó gbọ́ "kọ̀ǹpútà àtọwọ́dá" yóò rò pé a ń sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀rọ tí ń dá ronú. Yàtọ̀ sí èyí, ẹni tí a ń sọ kò dá nǹkan kan. Ilé-iṣẹ́ bí Intel tàbí AMD ni prosẹ́sọ̀ rẹ̀, èyí tí ó jẹ́ ọpọlọ ẹ̀rọ, ti wá, àwọn mìíràn ni ó sì ṣe mọ́dàbọ́ọ̀dù rẹ̀ (pátákó tí gbogbo ẹ̀yà so mọ́) àti páwà rẹ̀ (ẹ̀yà tí ń pín iná fún wọn).

Ní ti "rírà", ó yà mí lẹ́nu díẹ̀ pé kò sí ẹni tí ó ta kò ó, nítorí pé ẹni tí ó so kọ̀ǹpútà pọ̀ fúnra rẹ̀ gan-an ni ó ra nǹkan jù: ó ra prosẹ́sọ̀, ó ra mọ́dàbọ́ọ̀dù, ó ra RAM (ìrántí ìgbà díẹ̀ tí ẹ̀rọ fi ń ṣiṣẹ́), ó ra SSD (ibi tí ó ń pa nǹkan mọ́ sí), ó ra páwà, ó ra kéèsì (àpótí tí gbogbo wọn wà nínú rẹ̀), ó ṣeé ṣe kí ó sì ra fáànù mìíràn lé e. Ẹni tí ó gbé odidi, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ó nawọ́ sí àpò. Orúkọ tí ó bá oríṣi méjèèjì mu kò lè ya ọ̀kan sọ́tọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ẹni tí ó wà nídìí tábìlì ń ṣe gan-an. Ó tẹ́ mọ́dàbọ́ọ̀dù sílẹ̀, ó fọwọ́ kan irin kéèsì kí iná wẹ́wẹ́ tí ó wà lára òun má baà ba nǹkan jẹ́. Ó wá igun prosẹ́sọ̀ tí wọ́n ya ààmì onígun mẹ́ta kékeré sí, ó kọ ọ́ sí igun sọ́kẹ́ẹ̀tì tí irú ààmì bẹ́ẹ̀ wà, ó sì jẹ́ kí ó jókòó fúnra rẹ̀ láìtẹ̀ ẹ́. RAM ní ibi kékeré kan tí wọ́n gé ní ìdí tí kì í jẹ́ kí ènìyàn kọ ojú rẹ̀ sódì. Bí ó bá wọlé dáadáa, ìkọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yóò dún "kọ̀". Ó de mọ́dàbọ́ọ̀dù mọ́ inú kéèsì, ó wá ki orí wáyà páwà tí ó ní ihò mẹ́rìnlélógún bọ àyè rẹ̀. Kò gbẹ́ nǹkan kan, kò rọ nǹkan kan, kò mọ nǹkan kan. Ní Ifẹ̀, ìlú tí wọ́n ti hú àwọn orí idẹ jáde ní àgbàlá Wúnmọníjẹ̀ ní ọdún 1938, kò yẹ kí a máa da àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe báyìí pọ̀ mọ́ ara wọn: ẹni tí ó da idẹ kì í ṣe ẹni tí ó mọ amọ̀, ẹni tí ó sì gbẹ́ òkúta, tirẹ̀ tún yàtọ̀. Ohun tí ẹlòmíràn ti ṣe parí ni oníkọ̀ǹpútà yìí ń fi sí àyè wọn lẹ́sẹẹsẹ. Yorùbá ti ní ọ̀rọ̀ fún un: "tò".

Àwọn mẹkáníìkì ti ń lò ó kí kọ̀ǹpútà tó dé. Wọ́n á ní àwọn tú ẹ́ńjìnnì, àwọn sì tò ó padà. "Tú" àti "tò" ni wọ́n fi ń ṣe èkejì ara wọn, àwọn tí ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Lágéré àti ní Sábó náà sì ń sọ bẹ́ẹ̀ nígbà tí kò sí oníbàárà tí wọ́n fẹ́ fi Gẹ̀ẹ́sì hàn. Ẹnìkan lè sọ pé "tò" ti bí "ètò", pé "ètò kọ̀ǹpútà" sì ti di ohun tí a ń pe àwọn iṣẹ́ tí kò ṣeé fọwọ́ kàn tí ń ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀rọ. Èyí kò dí wa lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ méjì lè jáde láti inú ọ̀rọ̀-ìṣe kan ṣoṣo kí oníkálùkù sì mọ ilé tirẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le nìyí: ta ni ó tò ó? Èdè wa kì í sábà bìkítà nípa èyí. Ọ̀gá kan tí kò gbé bíríkì kan rí yóò sọ pé "mo kọ́lé", òótọ́ ni ó sì sọ. Ẹni tí ó jókòó sórí àga onígbàjámọ̀ yóò sọ pé "mo gẹrun". Nítorí náà, nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Ifásitì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bá sọ pé "mo to kọ̀ǹpútà kan", ó lè jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ni ó di súkúrù mú, ó sì lè jẹ́ pé ó kó owó fún ẹnìkan ní ṣọ́ọ̀bù, ó ní òun ń fẹ́ RAM báyìí àti SSD báyìí, ó sì padà lọ gbé e ní ìrọ̀lẹ́. Gẹ́gẹ́ bí mo ṣe ń rí i ní Ifẹ̀ yìí, èyí èkejì ni ó pọ̀ jù, bẹ́ẹ̀ ni kò sí nínú àbá méjèèjì tí ó wà nílẹ̀. Oríṣi mẹ́ta ni ó yẹ kí a máa wá orúkọ fún.

Àwọn ọ̀nà ìṣẹ̀dá-ọ̀rọ̀ tí a nílò kò jìnnà. Ẹni tí ń pa ẹran fún títà, alápatà ni à ń pè é, èyí ni pé iṣẹ́ rẹ̀ ni àpatà, ohun tí a pa láti tà. Bí a bá fi "tò" sí ipò "pa", a ní àtòtà: kọ̀ǹpútà tí ilé-iṣẹ́ tò láti tà fún ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́, láìmọ ẹni tí yóò rà á. Ilé-iṣẹ́ náà yóò sì jẹ́ alátòtà. Ní ọwọ́ kejì, a ti ní "àmúlò", ohun tí a mú lò. Àtòlò yóò jẹ́ èyí tí ènìyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ tò láti lò. Ẹ̀kẹta ni mo fẹ́ràn jù. Ẹni tí ó gba aṣọ ẹlòmíràn fọ̀ ni alágbàfọ̀, ẹni tí ó gba iṣẹ́ ẹlòmíràn ṣe ni alágbàṣe. Ẹni tí ó bá gba ẹ̀yà kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn tò, alágbàtò ni, kọ̀ǹpútà ọ̀hún sì jẹ́ àgbàtò. (Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò fẹ́ orúkọ tí ó gùn jù báyìí, irú èyí tí ń ki ẹ̀rọ bí "ayára-bí-àṣá". Ó dùn létí, ṣùgbọ́n oríkì ni, n kò sì tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni dúró nídìí káúńtà kí ó bèèrè iye tí ayára-bí-àṣá jẹ́.)

Mo ti fi àwọn orúkọ mẹ́ta yìí dán ìtàn kọ̀ǹpútà wò. Ní ọdún 1975, ilé-iṣẹ́ MITS ní Albuquerque, ní Amẹ́ríkà, ń ta Altair 8800 lọ́nà méjì: ẹni tí ó bá fẹ́ lè gba ẹ̀yà rẹ̀ nínú páálí kí ó lọ fi òjé lẹ̀ wọ́n mọ́ pátákó fúnra rẹ̀, ẹni tí kò bá sì lè ṣe é yóò san owó jù bẹ́ẹ̀ fún èyí tí a ti tò. Àtòlò àti àtòtà nìyẹn lábẹ́ orúkọ kan náà. Apple I tí ó jáde ní ọdún 1976 nira díẹ̀, nítorí pé wọ́n ti to pátákó rẹ̀ parí ṣùgbọ́n ẹni tí ó rà á ni yóò wá kéèsì, páwà àti ibi ìtẹ̀wé fún un. Èmi yóò ní pátákó rẹ̀ jẹ́ àtòtà, odidi rẹ̀ sì jẹ́ àtòlò. Nígbà tí Michael Dell bẹ̀rẹ̀ òwò tirẹ̀ ní ọdún 1984 nígbà tí ó ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Ifásitì Texas ní Austin, kọ̀ǹpútà tí a tò gẹ́gẹ́ bí oníbàárà ṣe béèrè ni ó fi ń pa owó, àgbàtò pọ́ńbélé. Àríyànjiyàn tí ó máa ń wáyé ní Nàìjíríà nípa àwọn kọ̀ǹpútà tí ń jẹ́ orúkọ ilé-iṣẹ́ Nàìjíríà bí Zinox àti Omatek, bóyá a "ṣe" wọ́n níbí tàbí a kò ṣe wọ́n, yóò rọlẹ̀ bí a bá sọ pé a tò wọ́n níbí.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ìdí tí mo fi ní ọ̀rọ̀ yìí kan àpò. Ẹni tí ó ra àtòtà tuntun ń ra odidi, gáráńtì kan ṣoṣo ni ó sì bo gbogbo rẹ̀: bí kò bá tàn, kò sí ẹni tí yóò ní kí ó kọ́kọ́ lọ mọ̀ bóyá RAM ni tàbí páwà. Àléébù rẹ̀ ni pé àwọn alátòtà ńlá kan kì í tẹ̀lé ìwọ̀n ATX tí Intel gbé jáde ní ọdún 1995, èyí tí ó jẹ́ kí páwà ilé-iṣẹ́ kan lè wọ kéèsì ilé-iṣẹ́ mìíràn. Páwà inú ẹ̀rọ wọn ní ìrísí tirẹ̀, orí wáyà rẹ̀ sì lè jẹ́ ihò mẹ́fà tàbí mẹ́jọ dípò mẹ́rìnlélógún, tí ó fi jẹ́ pé nígbà tí iná ìjọba bá jó o, gbogbo páwà tí ó wà lórí igbá ní Ifẹ̀ kò ní bá a mu. Àtòlò kò ní ìṣòro yìí: ohun tí ó bá kú ni à ń yọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan ni ó ní gáráńtì tirẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó dúró fún odidi àyàfi ẹni tí ó tò ó.

Ewu tí ó wà nínú àgbàtò ni pé ó máa ń wọ aṣọ àtòtà. Oníbàárà rí kéèsì tí ó ń dán, ó rí orúkọ lára rẹ̀, ó gba risíìtì tí wọ́n kọ "kọ̀ǹpútà, ọ̀kan" sí, ó sì rò pé ilé-iṣẹ́ kan ní ìlú òyìnbó ni ó wà lẹ́yìn òun. Alágbàtò nìkan ni ó wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí ó bá mọ̀ pé àgbàtò ni òun ń rà, yóò mọ̀ láti sọ pé kí wọ́n kọ ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan àti nọ́ńbà rẹ̀ sórí risíìtì, kí wọ́n sì kọ iye oṣù tí ṣọ́ọ̀bù fi dúró fún iṣẹ́ títò fúnra rẹ̀, èyí tí ó yàtọ̀ sí gáráńtì ẹ̀yà.

Ẹ má jẹ́ kí a da "tòkunbọ̀" pọ̀ mọ́ èyí o. Ibi tí ẹrù ti wá ni tòkunbọ̀ ń sọ, kò sọ ẹni tí ó tò ó. Púpọ̀ nínú àwọn kọ̀ǹpútà orí tábìlì tòkunbọ̀ jẹ́ àtòtà tí ọ́fíìsì kan lókè òkun ti lò tán, ó sì yẹ kí ẹni tí ó bá rà wọ́n yẹ ẹ̀yìn páwà wọn wò, nítorí pé àwọn páwà àtijọ́ kan ní bọ́tìnnì pupa kékeré tí a kọ 115 sí lápá kan àti 230 lápá kejì, ìyẹn ìwọ̀n agbára iná. Bí ó bá ti Amẹ́ríkà wá lórí 115 tí ẹnìkan sì ki wáyà rẹ̀ bọ iná Nàìjíríà, yóò bú gbàmù kí ẹni náà tó rí ohunkóhun lójú ẹ̀rọ. Kọ̀ǹpútà alágbèéká kò wọ inú ìjíròrò yìí púpọ̀, àtòtà ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo wọn.

Ohun kan ṣoṣo tí ó ń kọ mí lóminú ni pé "alágbàtò" súnmọ́ "alágbàtọ́", ẹni tí ó gba ọmọ ọlọ́mọ tọ́. Lórí ìwé tí kò ní ààmì, ọ̀kan náà ni wọn yóò rí. Mo ti ronú "àgbàtòpọ̀" láti fi yà wọ́n, ṣùgbọ́n ó wúwo lẹ́nu, "pọ̀" yẹn kò sì fi ohun tuntun kún ìtumọ̀. Títí tí ẹ̀gbọ́n tàbí ẹlòmíràn yóò fi mú èyí tí ó sàn jù wá, àgbàtò ni èmi yóò máa kọ, pẹ̀lú ààmì rẹ̀ pé.