Ohun tí kò hàn sójú ni mo ń bẹ̀rù lẹ́bàá òkè ayọnáyèéfín

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. Mo ti ka ìrírí tí ọ̀pọ̀ nínú yín sọ nípa iṣẹ́ òòjọ́ yín, èmi náà yóò sì sọ tèmi, nítorí pé ní gbogbo àdúgbò wa ní Òkè-Fíà, nílùú Òṣogbo níbí, n kò tíì rí ẹlòmíràn tí ó ń ṣe irú rẹ̀. Òkè ayọnáyèéfín ni mo ń ṣe ìwádìí nípa rẹ̀. Bí mo bá ti ìrìn àjò dé, kí n tó sọ ẹrù kalẹ̀, ìbéèrè kan náà ni ìyá ọkọ mi máa ń bi mí: “Ìyàwó, ṣé o rí iná náà?” Mo máa ń rí i nígbà mìíràn, ó sì bani lẹ́rù lóòótọ́, ṣùgbọ́n òun kọ́ ni ó máa ń lé oorun lójú mi.

Kò sí òkè kankan tí ń yọ iná ní ilẹ̀ Yorùbá lónìí. Àpáta dúdú kan wà ní agbègbè Iléṣà tí àwa onímọ̀ gbà pé àpáta yíyọ́ ni tẹ́lẹ̀ rí, kí ooru àti ìwúwo abẹ́ ilẹ̀ tó yí i padà ní àìmọye ọdún sẹ́yìn; òun ni mo kọ́kọ́ fi òòlù fọ́ nígbà tí mo jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́. Àmọ́ ẹni tí ó bá fẹ́ rí òkè tí ó ṣì ń mí, Kamẹrúùnù ni yóò lọ. Òkè Kamẹrúùnù ga ju 4,000 mítà lọ, ìlú Buea sì wà ní ẹsẹ̀ rẹ̀. Láti Òṣogbo, mo máa ń wọ ọkọ̀ lọ sí Èkó, kí n wọ bàálù lọ sí Douala, lẹ́yìn náà ni n óò tún wọ ọkọ̀ dé Buea. Ní ọdún 1999, àpáta yíyọ́ jáde láti ara òkè yìí, ó sì ṣàn sọ̀ kalẹ̀ títí tí ó fi dé ìtòsí abúlé Bakingili lẹ́bàá òkun. Ó ba oko jẹ́, ṣùgbọ́n ó rọra ń bọ̀ ni, àwọn ará abúlé sì rí àyè kó jáde.

Abẹ́ ilẹ̀ ni a máa ń ri ẹ̀rọ tí ń gbọ́ ìmìtìtì ilẹ̀ mọ́, nítorí pé kí òkè tó bú, àpáta yíyọ́ tí ń wá ọ̀nà jáde a máa la àpáta inú ilẹ̀, ilẹ̀ a sì máa mì níwọ̀nba tí ènìyàn kò lè fura. Bátìrì ni ẹ̀rọ náà ń lò, sólà ni ó sì ń kún un. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ òkè yìí wà lára ibi tí òjò ti ń pọ̀ jù lọ láyé, débi pé nǹkan bí 10,000 mílímítà ni ó ń rọ̀ ní Debundscha lọ́dún. Oòrùn kì í ràn tó, nítorí náà a máa ń ru bátìrì gun òkè nínú kùrukùru. Nígbà kan tí mo ṣí àpótí ẹ̀rọ kan, èèrà ti sọ ọ́ di ilé, wọ́n ti to ẹyin funfun sí àárín wáyà, eku sì ti gé wáyà pupa já. Búrọ́ọ̀ṣì ìkunlé ni mo fi gbá èèrà náà kúrò díẹ̀díẹ̀, mo so wáyà padà, mo fi téèpù dì í, ìlà tí ń fi mímì ilẹ̀ hàn lójú kọ̀ǹpútà sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Inú mi dùn gan-an lọ́jọ́ náà.

Adágún Nyos, ní Kamẹrúùnù kan náà, ni ó jẹ́ kí n mọ ohun tí ó yẹ kí n bẹ̀rù. Inú kòtò òkè ayọnáyèéfín àtijọ́ ni adágún náà wà, gáàsì káábọ́ọ̀nù dáyọ́sáìdì sì ń ti inú ilẹ̀ wọ ìsàlẹ̀ omi rẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ 21, oṣù Kẹjọ, ọdún 1986, gáàsì yẹn tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà, bí ìgbà tí ènìyàn bá mi ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò kí ó tó ṣí i. Nítorí pé ó wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ni ó rá mọ́, ó gba àfonífojì lọ bá àwọn abúlé, ó sì pa nǹkan bí 1,700 ènìyàn. Ilé kan kò jó, ògiri kan kò wó. Bàbá darandaran kan tí ó yè é sọ fún mi pé nígbà tí ilẹ̀ mọ́, òkú màlúù kún pápá, síbẹ̀ kò sí eṣinṣin lórí wọn, nítorí pé àwọn eṣinṣin náà ti kú. Pidgin ni a fi ń bá ara wa sọ̀rọ̀. Bí mo ti gbọ́ ọ tó, n kò rí ọ̀rọ̀ tí mo lè fi kí i. Láti ọdún 2001 ni wọ́n ti ki páìpù bọ ìsàlẹ̀ omi náà kí gáàsì lè máa jáde níwọ̀nba, mo sì ka iṣẹ́ yẹn sí ọ̀kan lára iṣẹ́ tí ó dára jù tí àwa onímọ̀ ti ṣe.

Ní Goma, ní Kóńgò, irú gáàsì kan náà máa ń dúró sínú kòtò lẹ́bàá òkè Nyiragongo. Ẹ̀rọ kékeré tí mo gbé kọ́ ọrùn, èyí tí máa ń ké bí gáàsì náà bá pọ̀, dákẹ́ ní àyà mi. Nígbà tí mo fi okùn sọ ọ́ sínú kòtò, kí ó tó kan ilẹ̀ ni ó ti ń ké. Lẹ́bàá ibẹ̀ ni ewúrẹ́ ti ń jẹko, níbi tí ọmọdé náà lè sáré dé.

Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé ọ̀rọ̀ sísọ ni ìdajì iṣẹ́ wa. Ní orílẹ̀-èdè Kòlóḿbíà, ní oṣù Kọkànlá, ọdún 1985, òkè Nevado del Ruiz yọ́ yìnyín orí ara rẹ̀, omi náà pò mọ́ eérú àti iyẹ̀pẹ̀ di ẹrẹ̀, ó bo ìlú Armero mọ́lẹ̀, ènìyàn tí ó lé ní 20,000 sì kú. Àwọn onímọ̀ ti ya àwòrán ilẹ̀ tí ó fi ewu náà hàn ṣáájú, ṣùgbọ́n a kò kó àwọn ará ìlú jáde. Ní Filipínì, ní ọdún 1991, wọ́n fi fídíò ohun tí irú òkè bẹ́ẹ̀ lè ṣe han àwọn aláṣẹ àti ará ìlú, wọ́n sì kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn kúrò kí òkè Pinatubo tó bú ní ọjọ́ 15, oṣù Kẹfà. Katia àti Maurice Krafft, tọkọtaya ará Faransé tí fídíò náà ti ọwọ́ wọn wá, ti kú lórí òkè Unzen ní Japáànì ní ọjọ́ 3, oṣù kan náà. Mo máa ń rántí wọn bí mo bá jókòó ti àwọn baálẹ̀, pásítọ̀ àti ìmáàmù ní ẹsẹ̀ òkè.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Òṣogbo máa ń béèrè ohun tí wọn yóò kọ́ kí wọ́n lè ṣe iṣẹ́ yìí. Físíìsì, kẹ́místrì àti ìṣirò ni mo máa ń dárúkọ, n óò sì fi èdè Faransé kún un, àti Swahili bí ó bá ṣeé ṣe, nítorí pé ní Goma, ìyá tí ń ta ẹ̀fọ́ lẹ́bàá títì gbọ́dọ̀ gbọ́ ohun tí ò ń sọ bí o bá ní kí ó gbé ọmọ rẹ̀ kúrò níbẹ̀.