"Bureau": ọ́fíìsì ni, àbí tábìlì, àbí èèyàn?

Akẹ́kọ̀ọ́Faransé:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ògbufọ̀. Nínú ìwé ẹgbẹ́ kan láti Kútọnu, wọ́n kọ ọ́ pé "le bureau s'est réuni". Ṣé ọ́fíìsì náà ló ṣèpàdé ni? Ibo lọ̀rọ̀ yìí ti wá gan-an?

GègéWúrà:
Aṣọ ló kọ́kọ́ jẹ́. Burel ni Faransé àtijọ́ ń pe aṣọ irun àgùntàn tó nípọn, tó rí gàǹgà-gàǹgà. Òun ni wọ́n máa ń tẹ́ sórí tábìlì tí wọ́n ti ń ṣírò owó. Nígbà tó yá, orúkọ aṣọ di ti tábìlì, ó kúrò lára tábìlì bọ́ sára yàrá, ó wá bọ́ sára àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí "le bureau" fi lè ṣèpàdé: ààrẹ, akọ̀wé, akápò àti àwọn yòókù ni wọ́n ń wí. Ẹ pè é ní ìgbìmọ̀ alákòóso. Ní Serra da Estrela, lórílẹ̀-èdè Portugal, wọ́n ṣì ń hun burel dòní, aṣọ náà ló sì ń jẹ́ síbẹ̀.

Ògbufọ̀Àjàṣẹ́:
Ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa wò. "Sur le bureau", orí tábìlì ni. "Au bureau", ibi iṣẹ́ ni. "Bureau de vote", ibùdó ìdìbò. Èyí tó léwu jù ni "deuxième bureau". Nínú iṣẹ́ ológun Faransé, ẹ̀ka amí ló jẹ́, láti 1871 sí 1940. Ṣùgbọ́n lẹ́nu ọ̀pọ̀ ará Áfíríkà tó ń sọ Faransé, àlè ni! Bàbá ní òun ń lọ ọ́fíìsì, ibòmíràn ló yà sí. Ẹni tó bá kọ "ọ́fíìsì kejì" síbẹ̀ ti pa ìtumọ̀ rẹ́ pátápátá.

Alátúmọ̀:
Tó bá ti wọ èdè mìíràn, ẹ má fọkàn tán an rárá. Ní Amẹ́ríkà, àpótí aṣọ onídúrọ́ọ̀ ni bureau. Ní Bìrìtìkó, tábìlì ìkọ̀wé tó ní dúrọ́ọ̀ ni. Ní Mẹ́síkò, buró ni tábìlì kékeré ẹ̀gbẹ́ ibùsùn, síbẹ̀ Buró de Crédito wọn ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ẹni tó jẹ gbèsè. Büro ti Jámánì kì í ṣe tábìlì, ọ́fíìsì ni. Àwọn ará Poland ló yanjú ẹ̀ jù: biuro ni ọ́fíìsì, biurko ni tábìlì.

Akẹ́kọ̀ọ́Faransé:
Ẹ ṣeun gan-an. "Renouvellement du bureau" náà wà nínú ìwé ọ̀hún.

GègéWúrà:
Yíyan àwọn olóyè tuntun nìyẹn. Ẹ má kọ "àtúnṣe ọ́fíìsì" o, wọn á máa wá kápẹ́ńtà.