Abẹ́rẹ́ insulin àti iṣẹ́ ìdí ẹ̀rọ: kí ni kí n kọ sí àwọn ọ̀gá?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ìtọ̀ ṣúgà ló ń ṣe mí, insulin ni mò ń gún. Níbi iṣẹ́ wa, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi ẹ̀rọ sílẹ̀ títí àsìkò ìsinmi á fi tó, a ò sì gbọdọ̀ mú oúnjẹ wọlé. Báwo ni kí n ṣe béèrè àyè láti máa yẹ ṣúgà mi wò, tí wọn ò fi ní sọ pé mi ò lè ṣiṣẹ́ mọ́?

Èsì: Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ má fẹnu lásán sọ ọ́. Ẹ kọ ọ́, ẹ fi déètì sí i, kí ẹ̀dà kan wà lọ́wọ́ yín. Bí wọ́n bá gbé ọ̀gá yín lọ ibòmíràn, ẹni tuntun á ní òun ò gbọ́ nǹkan kan. "Ẹ ràn mí lọ́wọ́ nítorí àìlera mi" kò tó. Ẹ dárúkọ ohun tí ẹ fẹ́ gan-an: ìṣẹ́jú 5 láti fi yẹ ṣúgà wò nígbà tí ara bá ń gbọ̀n (àmì pé ṣúgà lè ti lọ sílẹ̀), gulukóòsì nínú àpò, àsìkò oúnjẹ tí kì í yẹ̀, ẹni tó máa dúró ti ẹ̀rọ fún yín.

Èsì: Lẹ́tà dókítà ló gba ìṣọ́ra jù. Bó bá kọ "ẹ fún un ní iṣẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́", wọ́n lè tìtorí ẹ̀ gbé yín kúrò nídìí ẹ̀rọ pátápátá. Kó kọ ọ́ pé ẹ lè ṣiṣẹ́ yín, kó wá sọ ohun tí ẹ nílò àti ìdí ẹ̀. Kò pọn dandan kó tú gbogbo fáìlì yín síta. Èyí tó máa yé ọ̀gá ni pé bí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ yín bá ti kéré sí 70 mg/dL, ẹ ó lo nǹkan aládùn tó ní ṣúgà gíráàmù 15, ẹ ó dúró fún ìṣẹ́jú 15, ẹ ó tún un yẹ̀ wò. Bí kò bá tíì gòkè, ẹ ò lè fọwọ́ kan ẹ̀rọ, torí ojú lè ṣú yín lójijì.

Èsì: Ẹ fi kún un pé kí ẹnì kan tó wà nítòsí mọ ohun tó máa ṣe. Bí ẹ bá dákú, kò gbọdọ̀ rọ ohunkóhun sí yín lẹ́nu. Kó pe ọkọ̀ pàjáwìrì ni.

Olùbéèrè: Ẹ ṣeun gan-an. Bí wọ́n bá ní a ò lè fi ẹ̀rọ sílẹ̀ ńkọ́?

Èsì: Ẹ ní kí wọ́n kọ ìdí ẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ sì dá àbá míì: ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ apá tó ń ka ṣúgà, kí wọ́n gbà kí fóònù tó ń dún fún un wà lára yín. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ̀rọ kékeré yẹn ń kà máa ń rẹ̀yìn díẹ̀ sí ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀. Bí ara bá ń gbọ̀n tí fóònù ò dún, ẹ gún ìka kí ẹ fi ẹ̀jẹ̀ yẹ ṣúgà wò.