Poha alágbọn fún oúnjẹ àárọ̀: kí la máa ṣe tí kò fi ní di pótópótó?

Àdùkẹ́Leicester
Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin alásè. Poha ni mo fẹ́ bi yín, ìrẹsì tí àwọn ará Íńdíà máa ń tẹ̀ pẹlẹbẹ. Oríṣi mẹ́ta ló wà ní ṣọ́ọ̀bù wọn níbí: èyí tó nípọn, èyí tó fẹ́lẹ́ àti pupa. Èwo ni mo máa rà tí mo bá fẹ́ sè é oníyọ̀, pẹ̀lú àgbọn, bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹ́ ní gúúsù Íńdíà? Ṣé rírẹ ni àbí kí n kàn ṣan án? Ìgbà wo ni àgbọn ń wọ̀ ọ́? Ènìyàn méjì ló máa jẹ ẹ́, kó má sì ju 20 ìṣẹ́jú lọ.

ÌyáAládìrò
Àdùkẹ́, ra èyí tó nípọn. Pupa náà dáa, àmọ́ ó máa ń pẹ́ kó tó rọ̀.

Kí wọ́n tó tẹ ìrẹsì yìí, wọ́n ti rẹ ẹ́ tòun ti èèpo, wọ́n sì ti fi iná kàn án. Bíi gàrí ló rí, omi ló kù fún un. Ẹni tó bá dà á sómi híhó bí ìrẹsì lásán, ògì ló máa bá nínú ìkòkò.

Ife méjì tó ènìyàn méjì. Dà á sínú asẹ́, ṣan án lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta lábẹ́ ẹ̀rọ omi, fọwọ́ rú u jẹ́jẹ́, kó o wá fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 5 sí 10 kí omi rẹ̀ ro tán. Àsìkò yẹn ni kó o gé àlùbọ́sà. Mú hóró kan, fìka méjì tẹ̀ ẹ́: ó yẹ kó fọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́, àmọ́ kó ṣì dá dúró kó o tó tẹ̀ ẹ́. Tí àárín rẹ̀ bá le, wọ́n omi ṣíbí ìjẹun méjì sí i. Má tún un rẹ. Inú asẹ́ níbẹ̀ ni kó o ti bu iyọ̀ ìdajì ṣíbí tíì àti ṣúgà díẹ̀ sí i. Tó bá dórí iná kó o tó máa rò ó kiri kí iyọ̀ lè kárí, ó máa fọ́ ni.

Gbé páànù tó fẹ̀ kaná, epo ṣíbí ìjẹun méjì. Tó bá gbóná, hóró músítádì ìdajì ṣíbí tíì. Jẹ́ kó ta pàràpàrà. Èyí tí kò bá ta máa ń korò. Ẹ̀pà ṣíbí ìjẹun méjì àti urad dal (ẹ̀wà Íńdíà wẹ́wẹ́ tí wọ́n bó, tí wọ́n sì là) ṣíbí tíì kan ló tẹ̀ lé e, títí wọ́n á fi pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Wá da ata tútù méjì tó o là àti ewé kọ́rì bíi mẹ́wàá sí i (sún sẹ́yìn o, epo á ta), lẹ́yìn náà àlùbọ́sà kan. Kó rọ̀ ni, kó má pọ́n. Àtalẹ̀ pupa lílọ̀, ìdámẹ́rin ṣíbí tíì, gbọ́dọ̀ rí epo kí poha tó dé, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ òórùn tútù rẹ̀ kò ní lọ.

Da poha sí i, yí i láti ìsàlẹ̀ wá sókè, dín iná kù, dé e fún ìṣẹ́jú 2 sí 3. Má ṣí i sílẹ̀ lórí iná gíga, yóò gan. Sọ̀ ọ́ kalẹ̀ kó o tó fún omi ìdajì ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, torí lórí iná ó lè korò. Àgbọn tútù rírin, ìdámẹ́rin ife, ló kẹ́yìn.

ỌmọÀgbádárìgì
Ìyá, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí n fi díẹ̀ kún ọ̀rọ̀ àgbọn. Tó bá pẹ́ lórí iná, omi rẹ̀ á gbẹ, á wá dà bíi ìyẹ̀fun pákó lẹ́nu. Ẹni tó bá ra gbígbẹ, kó wọ́n omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ṣíbí ìjẹun méjì sí ìdámẹ́rin ife rẹ̀, kó dé e fún ìṣẹ́jú 10. Kó má sì jẹ́ onísúgà tí wọ́n fi ń ṣe kéèkì. Omi wàrà àgbọn kò wọ ọ̀rọ̀ yìí rárá.

Ṣúgà yẹn, èmi ò ní fi sí i. Àwọn ará Maharashtra àti Gujarat, ìpínlẹ̀ méjì ní ìwọ̀-oòrùn Íńdíà, ló fẹ́ràn rẹ̀. Ewé kọ́rì tí wọ́n sì ń tà lọ́jà wa nílé, ìbátan ẹfinrin ni; kì í ṣe òun ni wọ́n ń lò níbẹ̀.

Àdùkẹ́Leicester
Ẹ ṣeun gan-an. Tó bá jẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ nìkan ló kù ní ṣọ́ọ̀bù ńkọ́?

ỌmọÀgbádárìgì
Má ṣan án, ẹ̀ẹ̀kan náà ló máa di lẹ́ẹ̀. Ṣe é bí wọ́n ṣe ń ṣe dadpe pohe ní Konkan, etí òkun ìwọ̀-oòrùn Íńdíà. Fọwọ́ po ife méjì rẹ̀ pọ̀ mọ́ ìdajì ife àgbọn tútù rírin, àlùbọ́sà kan tó o gé wínníwínní, ata tútù, iyọ̀ àti omi ọsàn wẹ́wẹ́. Wọ́n omi inú àgbọn ṣíbí ìjẹun méjì sí mẹ́ta sí i, fi àwo dé e mọ́lẹ̀, gbé nǹkan tó wúwo lé e fún ìṣẹ́jú 10 sí 15. Omi àgbọn àti ti àlùbọ́sà ló máa rọ̀ ọ́. Lẹ́yìn náà, yọ́ epo ṣíbí ìjẹun kan, ta músítádì, ẹ̀pà àti ewé kọ́rì nínú rẹ̀, bu àtalẹ̀ pupa sí i, kó o dà á lé e lórí gbígbóná. Àgbọn gbígbẹ kò lè ṣe èyí, kò lómi tó máa fún poha.