Ibi tí ọmọ ti lè ṣeré ní Èkìtì: ohun tí ojú àwa òbí rí

Bàbá ọlọ́mọ mẹ́ta, Adó-Èkìtì

Ọmọ mẹ́ta ni Ọlọ́run fi jíǹkí èmi àti ìyàwó mi: àkọ́bí jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, èkejì jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà, àbíkẹ́yìn obìnrin kò sì tíì pé ọdún mẹ́rin. Yàrá méjì àti pálọ̀ ni à ń gbé ní àdúgbò Bàṣìrì, àgbàlá ilé náà kò sì ju ibi tí ọkọ̀ méjì lè dúró sí lọ. Bí ilé-ìwé bá ti gba ìsinmi, orí àga pálọ̀ ni wọ́n ti ń fò, iwájú tẹlifíṣọ̀n ni oorun sì ń gbé wọn lọ. Èyí ló mú kí n bẹ̀rẹ̀ sí í wá ibi tí mo lè máa kó wọn lọ, ohun tí mo sì rí láàárín ọdún méjì tí mo ti ń wá a kiri ni mo fẹ́ rò fún yín.

Ibi àkọ́kọ́ tí a lọ jẹ́ ọgbà ìgbafẹ́ aládàáni kan nínú ìlú, tí n kò ní dárúkọ nítorí ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti tún un ṣe. Àwòrán rẹ̀ tí mo rí lórí fóònù dùn ún wò: jangirọ́fà pupa, ṣíláìdì aláwọ̀ ewé, koríko tútù minimini. Aago méjì ọ̀sán ni a débẹ̀, nínú oṣù Kejì, nígbà tí oòrùn kì í bá ẹnikẹ́ni ṣàwàdà. Irin ni wọ́n fi ṣe ṣíláìdì náà, kò sì sí igi kan ṣoṣo tó ṣíji bò ó. Ọmọ mi kejì gun àtẹ̀gùn rẹ̀ dé òkè, ó jókòó kí ó lè yọ̀ wálẹ̀, àfi igbe. Ṣòkòtò péńpé ló wọ̀. Nígbà tí mo fi máa gbé e sọ̀ kalẹ̀, ẹ̀yìn itan rẹ̀ méjèèjì ti pọ́n kankan. Mo gbé ọwọ́ lé irin náà, n kò lè ka ení dé ẹ̀ta kí n tó gbé e kúrò. Bí a ti ń da omi tútù sí i lẹ́sẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá fi àtẹ́lẹwọ́ tirẹ̀ hàn mí: ṣéènì jangirọ́fà tó dì mú ti dógùn-ún, ó sì ti kun ọwọ́ rẹ̀ bí osùn. Mo gbójú sókè, mo rí i pé ìkọ́ irin tí ṣéènì náà rọ̀ mọ́ ti jẹ títí ó fi tín-ín-rín bí igi ìṣáná. Mo pe ẹni tó ń gba owó lẹ́nu ọ̀nà kí ó wá wò ó. Ó wò ó, ó ní àwọn ọmọ tó wúwo ló ń bà á jẹ́.

Láti ọjọ́ náà, n kì í kó ọmọ lọ síbi tí n kò bá tíì fi ẹsẹ̀ ara mi tẹ̀. Mo máa ń kọ́kọ́ dá lọ, ní aago kan náà tí mo ní lọ́kàn láti kó wọn wá, nítorí ibi tó wà lábẹ́ òjìji ní aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀ lè wà lójú oòrùn gbangba tó bá fi di aago mẹ́ta ọ̀sán. Mo máa ń fi bàtà tú iyanrìn abẹ́ jangirọ́fà, pàápàá jù lọ níbi tí wọ́n bá ti ń ta ọtí lálẹ́, nítorí àfọ́kù ìgò kì í jìnnà sí irú ibẹ̀. Mo máa ń fi gbogbo ara mi rọ̀ mọ́ ṣéènì kí n tó jẹ́ kí ọmọ jókòó lé e. Bí wọ́n bá ní ilé rọ́bà tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ fẹ́ afẹ́fẹ́ sí, èyí tí àwọn ọmọ ń pè ní bọ́ńsì káàsù, mo máa ń wò ó bóyá wọ́n fi okùn dè é mọ́lẹ̀, kí n sì béèrè ẹni tí yóò dúró tì í. Bí jẹnẹrétọ̀ bá kú lójijì, ńṣe ni ilé náà yóò rọ lé àwọn tó wà nínú rẹ̀ lórí. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ sì ni mo máa ń béèrè kí n tó béèrè owó ìwọlé. Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín. Ẹni tó bá ti gbé ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́ta sáré kiri ojú títì nítorí àtitọ̀ yóò mọ ohun tí mo ń sọ.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló sọ fún mi pé kí n kó wọn lọ sí Ọgbà Fájuyì, mo sì kó wọn lọ. Ìtàn ni wọ́n gbádùn níbẹ̀ ju eré lọ. Àkọ́bí mi bi mí pé ta ni Fájuyì, mo sì sọ fún un pé ọmọ Adó-Èkìtì ni, ológun tó jẹ́ gómìnà ìwọ̀ oòrùn Nàìjíríà, tí wọ́n pa ní Ìbàdàn ní oṣù Keje ọdún 1966 pẹ̀lú olórí ìjọba ológun, Aguiyi-Ironsi, tó gbà lálejò. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní ṣé àlejò náà ló fa ikú fún un ni. Ìbéèrè yẹn kọjá agbára mi. Ṣùgbọ́n ojú ọ̀nà ńlá ni ibẹ̀ wà, ọkọ̀ ń lọ ọkọ̀ ń bọ̀, n kò sì lè jẹ́ kí àbíkẹ́yìn mi sáré níbẹ̀ kí ọkàn mi balẹ̀.

Ìkọ́gòsì ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ dáadáa. Àárín ọ̀sẹ̀ ni a lọ, nínú ìsinmi, nítorí mo ti gbọ́ pé ọjọ́ ọdún Àjíǹde àti ọdún tuntun, èrò kì í jẹ́ kí ènìyàn rí omi. A gba Ìyìn kọjá, a gba Ìgèdè, níbi tí mo ti sọ fún wọn pé agbègbè yẹn ni odò Ọ̀ṣun tó ń lọ sí Òṣogbo ti ṣẹ̀, a gba Arámọkọ́, kí a tó yà sí ọ̀nà tó lọ sí Ìkọ́gòsì. Igi ńláńlá ló bo ibẹ̀, òjìji sì wà láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Èyí nìkan tó láti mú mi padà lọ. Gbogbo wa la mọ̀ pé omi méjì ló wà níbẹ̀, èyí tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ àti èyí tó tutù, tí wọ́n ń ṣàn wá pàdé ara wọn. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni kí ènìyàn mọ̀ ọ́n, ọ̀tọ̀ ni kí ó rí ojú ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ ọ́n. Ọmọ mi kejì, ẹni ṣíláìdì ọjọ́sí, kọ̀ láti wọ omi náà, ó ní yóò jó òun. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú ní ibi tí omi méjèèjì ti pàdé, ó na ọmọ ìka ẹsẹ̀ ọ̀tún sínú èyí tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó fà á padà, ó tún nà án. Lẹ́yìn náà ó ki ẹsẹ̀ òsì bọ inú èyí tó tutù, ó sì dúró bẹ́ẹ̀, ẹsẹ̀ kan nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó lanu, kò sọ̀rọ̀. Nígbà tó yá ó ní, “Dádì, ta ló ń dáná sí i?” Ìyá rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fi kún un pé òkúta etí omi náà ń yọ̀, bàtà tó bá ní eyín lábẹ́ ni kí ẹ wọ̀ fún wọn. Ibi ìlúwẹ̀ẹ́ tí wọ́n ṣe tí omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ náà ń ṣàn sí jìn ju ọmọ kékeré lọ, àgbàlagbà gbọ́dọ̀ bá wọn wọ̀ ọ́. Aṣọ ìpààrọ̀ àti oúnjẹ ilé ni kí ẹ dì dání. Wọ́n ní àwọn ajíhìnrere ìjọ Onítẹ̀bọmi ló kọ́kọ́ tún ibẹ̀ ṣe fún ìpàgọ́ àwọn ọ̀dọ́, mo sì gbà pé wọ́n lójú inú.

Àmọ́ ta ló lè máa lọ sí Ìkọ́gòsì ní gbogbo Sátidé pẹ̀lú iye tí epo jẹ́ báyìí? Ibi tí a lè fi ẹsẹ̀ rìn dé ni mo ṣì ń wá.

Ìyá Ìbejì, Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì

Bàbá wa, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ. Ọ̀rọ̀ òkúta tó ń yọ̀ yẹn ni mo fẹ́ bá yín fi àmì sí, nítorí ó ti bá mi dé ibi tí ẹ̀rù ti bà mí. Nínú oṣù Kẹjọ, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi kó gbogbo wa lọ sí Arinta ní Ìpólé-Ìlórò, tí kò jìnnà sí Ìkọ́gòsì, níbi tí omi ti ń já láti orí àpáta kan sí òmíràn. Ibẹ̀ lẹ́wà, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n àsìkò òjò ni, omi pọ̀, ariwo rẹ̀ kò sì jẹ́ kí ọmọ gbọ́ ohun tí ìyá rẹ̀ ń sọ. Mo di Táyé mú lọ́wọ́ ọ̀tún, mo di Kẹ́yìn mú lọ́wọ́ òsì, ọmọ ọdún márùn-ún ni wọ́n nígbà náà. Kẹ́yìn rí labalábá kan, ó já ọwọ́ gbà. Kí n tó ké, ó ti yọ̀, ó ti fi ìdí jókòó sórí àpáta tí ewé tútù bò, ó sì ń lọ díẹ̀díẹ̀. Ọkùnrin kan tó wà nísàlẹ̀ wa ló na ẹsẹ̀ dá a dúró. N kò mọ orúkọ rẹ̀ títí di òní, Ọlọ́run ni yóò san án fún un.

Mi ò sọ pé kí ẹ má lọ o. Mo ní kí ẹ lọ ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, àgbàlagbà kan sí ọmọ kan, kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún méje má sì kọjá ìpele ìsàlẹ̀. Ní ti Ìkẹ́rẹ́ wa níbí, àwọn àlejò máa ń béèrè bóyá ọmọ lè gun Ọlọ́ṣùnta. Òkè tí ìlú ń bọ ni, kì í ṣe ibi tí ènìyàn kàn ń dédé kó ọmọ gùn. Ẹ béèrè lọ́wọ́ onílé kí ẹ tó gbé ẹsẹ̀. Àwọn ìbejì mi máa ń jókòó wò ó láti ẹ̀yìnkùlé, wọ́n a máa ya á sínú ìwé, ó sì tó wọn.

Màmá Olùkọ́, Ìyìn-Èkìtì

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú àjọrò. Mo ti fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, àwọn ọmọ-ọmọ ni mo ń tọ́jú báyìí. Nígbà tí àwa wà lọ́mọdé, ìta gbangba iwájú ilé ni a ti ń ṣeré. Bí òṣùpá bá ti yọ, a ó ṣe bojúbojú, a ó ta òkòtó, a ó fa ilà sílẹ̀ fi fo súwé. Ìta náà ti di ṣọ́ọ̀bù, ọ̀kadà ti gba èyí tó kù.

Ọmọ mi, ìwọ bàbá ọlọ́mọ mẹ́ta, ibi tí ò ń wá wà lẹ́yìn ilé rẹ. Kò sí àdúgbò kan ní Èkìtì tí kò ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nítòsí, pápá rẹ̀ sì máa ń ṣófo ní Sátidé, tòun ti igi máńgòrò tàbí igi ọdán tí àwọn àgbà ti gbìn síbẹ̀ láti ìgbà pípẹ́. Kọ ìwé sí ọ̀gá ilé-ìwé, kí òbí bíi mélòó kan fọwọ́ sí i, kí ẹ sì dárúkọ ẹni tí yóò máa gba kọ́kọ́rọ́ tí yóò sì dá a padà kí ilẹ̀ tó ṣú. Báyìí ni àwa ṣe é níbí.

A kò ra nǹkan kan. Àwọn fókànáísà ló fún wa ní ògbólógbòó táyà, inú wọn dùn pé a bá wọn palẹ̀ rẹ̀ mọ́. Ẹ fi ọwọ́ tọ́ inú rẹ̀ yí ká kí ẹ tó gbà á, nítorí wáyà máa ń yọ jáde lára èyí tó bá ti gbó jù, ó sì ń ya ọmọ lára. Ẹ fọ̀ ọ́ pẹ̀lú ọṣẹ, ẹ lu ihò sí i nísàlẹ̀ kí omi òjò má baà dúró sínú rẹ̀ di ilé ẹ̀fọn, kí ẹ wá gbẹ́ ilẹ̀ kí ẹ rì í dé ìdajì. Ìyókù rẹ̀ tó yọ sókè ni wọn yóò máa gùn bí ẹṣin, tí wọn yóò máa gba abẹ́ rẹ̀ rá kọjá. Ẹyọ kan ni a fi okùn nínípọn so kọ́ orí igi, lára ẹ̀ka tútù tó nípọn ju itan àgbàlagbà lọ, a sì da iyanrìn odò sí abẹ́ rẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ la máa ń tú okùn náà. Àgbà kan gbọ́dọ̀ máa wà níbẹ̀, a sì ń gbà á lẹ́sẹẹsẹ. Nígbà tó bá kàn mí, mo máa ń gbé àpótí mi lọ, kí n máa ṣa ewé ẹ̀fọ́ mi níbẹ̀.

Bàbá ọlọ́mọ mẹ́ta

Màmá, ẹ ṣeun, ẹ ó pẹ́ fún wa. Mo ti lọ rí ọ̀gá ilé-ìwé tó wà lẹ́yìn ilé wa. Wọ́n ní òbí márùn-ún ni kí ó fọwọ́ sí ìwé náà; mẹ́rin ti fọwọ́ sí i, ẹnì karùn-ún ti rìnrìn àjò lọ sí Ọ̀mùò, ọjọ́ Ẹtì ni yóò dé. Táyà mẹ́fà ni fókànáísà Bàṣìrì fún mi, mo dá méjì padà nítorí wáyà. Bí mo ṣe tò wọ́n sójú oòrùn kí wọ́n lè gbẹ lẹ́yìn tí mo fọ̀ wọ́n tán, ọmọ mi kejì jáde wá, kò sọ nǹkan kan, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ọ̀kan, ó yára gbé e kúrò. A ti pinnu pé abẹ́ igi ọdán la máa rì gbogbo wọn sí.